Táyà Tó Ṣíwájú Mọ́tò

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ rí táyà náà. Ó ń yí lọ ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wọn, kò kánjú, síbẹ̀ ó ń kọjá wọn díẹ̀díẹ̀.

"Rọra," ó wí fún àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀, "wo táyà tó ń dá rìn. Ta ló ni ín?"

Àbúrò rẹ̀ yíjú wò ó. Ó mọ ẹni tó ni ín, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló nu ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kó tó la ẹnu, igun iwájú mọ́tò níhà ibi tó jókòó sí ti wọlẹ̀ gbì, irin ń ha títì, iná ń ta pàràpàrà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó di sítíárìn mú ṣinṣin, ó jẹ́ kí mọ́tò wọ́ ara rẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kọ́nà ni wọ́n fẹ́ yà, wọn kò sáré.

Táyà kò dúró ní tirẹ̀. Ó gun ibi tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn, ó kọjá láàárín àwọn ìkòkò òdòdó tó wà níwájú ilé ìtọ́jú eyín kan láìfọ́ ọ̀kankan, ó sì lọ sùn sí iwájú bẹ́ńṣì tí àwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn níbẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wo táyà, ó wo ọ̀nà tó gbà wá, ó tún gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Rọra fi máa débẹ̀, ọkùnrin náà ti ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Bàbá, táyà yín ti ṣáájú yín dé," ó ní. "Ó ní ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ní ọjọ́ mìíràn Rọra ì bá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra fọwọ́ kan táyà náà bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn. Nọ́ọ̀tì tó dì í mú kò sí níbẹ̀. Ó padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà, ó sì rí i nínú kòtò omi, odindi, kò ṣẹ́, kò sán. Ohun tó já a láyà jù nìyẹn. Nọ́ọ̀tì tó bá ṣẹ́ ní àwíjàre, irin máa ń gbó. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó bá tú fúnra rẹ̀, ẹni tó fún un ni yóò rojọ́.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣì jókòó nínú mọ́tò bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀, báàgì rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí báàgì.

"Tiwa ni?" ó bi í.

"Tiwa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣí báàgì, ó wo inú rẹ̀, ó tún pa á dé.

Rọra kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Iṣẹ́ awò ojú ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń lọ gíláàsì títí yóò fi bá ojú ẹni tó fẹ́ lò ó mu. Iṣẹ́ náà kò gba ìkánjú. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀nba fọ́nrán irun kan, ẹni tó lo awò náà yóò máa rí àtẹ̀gùn méjì níbi tí ọ̀kan wà. Bó ṣe di pé ó ń sọ "rọra" fún gbogbo ayé nìyẹn: fún ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, fún ẹni tó ń bu tíì, fún tọkọtaya tó ń jà lókè ilé. Ohun tó ń pa àdúgbò lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tí wọ́n ń pè ní Rọra yìí náà ló ni mọ́tò tó yára jù lọ ní gbogbo òpópónà wọn.

Mọ́tò náà dàgbà ju ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó kó tó kó ẹsẹ̀ wọlé. Ìgbà tí wọ́n ṣe é, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí Rọra rí i, ó ti di ilé adìẹ nínú ọgbà ẹnìkan. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú u, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tò ó, kò sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ó fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣàìsàn kí òun sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ó bá yà sí ọ̀tún. Bó bá yà sí òsì, kò sí nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó pààrọ̀ ohun tó ń fa epo, àwọn mìíràn ní kó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Rọra kò pààrọ̀ ohunkóhun. Ó jókòó sínú mọ́tò tó dúró, ó dijú, ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ló máa ń yí ipò padà bí ọkọ̀ bá yà sí ọ̀tún. Ẹ́ńjìnnì máa ń fì. Kí ló so mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ kó fì? Wáyà kan. Ó wá wáyà náà kàn, ó sì rí i pé ó ti já nínú awọ rẹ̀, ó kàn ń fara kan ara rẹ̀ bí ìgbéyàwó tí ìfẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó parí. "Mọ́tò kì í purọ́," ló máa ń wí. "Àwa la kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."

Ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tábìlì gígùn kan wà tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ti ògiri, orí kan rẹ̀ wà lápá fèrèsé, èkejì lápá ilẹ̀kùn. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan rẹ̀, nítorí náà ó ki pákó pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, nítòsí fèrèsé. Bí Rọra bá tú nǹkan lára mọ́tò, kì í kọ nǹkan sí i lára. Tábìlì ni mọ́tò, bó ṣe máa ń wí. Ohun tó bá tú láti apá òsì mọ́tò yóò sùn sápá fèrèsé, ti apá ọ̀tún yóò sùn sápá ilẹ̀kùn, wọn yóò sì tò láti àárín lọ sí etí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nígbà tó ń tú wọn. Ipò nǹkan ni orúkọ nǹkan. Kò tíì ṣì wọ́n mú rí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí táyà ṣíwájú mọ́tò, ẹ̀rù tó bà á ju ti ikú lọ. Bàbá òun àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni káfíńtà tó gbọ́n jù nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó darúgbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òòlù sínú ìkòkò omi, ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí ó fi wá ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní "ẹ̀yin àlejò." Àwọn méjèèjì ló tọ́jú rẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Rọra sì ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ kí táyà tó yọ. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí i tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò fi pẹ́ńsù ìkọ̀wé sí àárín tábìlì, yóò lọ bu omi, yóò padà dé, pẹ́ńsù yóò ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Yóò gbé awò kan tó ń lọ̀ fún aládùúgbò sílẹ̀, yóò sì tún bá a ní etí tábìlì, níbi tí kò rántí pé òun gbé e sí. Ó ti ń bá ara rẹ̀ sọ pé bóyá ibẹ̀ lòun fi í sí. Ọ̀rọ̀ "bóyá" yẹn, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò tíì lè lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Òun ni Rọra ń gbé lọ sílé ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó ti ṣe àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Ilé tó bá wọ̀, bí ẹni tó ni ín kò bá tètè jí, yóò bá ara rẹ̀ lórí okùn ìsáṣọ níta.

Wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé mọ́tò náà wálé. Lọ́jọ́ kejì, Rọra fi jáàkì gbé e sókè láti wá ìdí. Ọkọ ọmọ rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sanra, ó ga, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn, Gẹ̀ǹdé ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ìjókòó ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ omi.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló máa ń di táyà kọ̀ọ̀kan mọ́tò yẹn mú, nọ́ọ̀tì ńlá tó ní etí méjì bí ehoro. Òòlù bàbà ni wọ́n fi ń lù ú, kó má baà lápá. Èyí tó wà ní òsì mọ́tò àti èyí tó wà ní ọ̀tún kì í yí sí ọ̀nà kan náà, ìdí sì wà fún un. Lápá méjèèjì, ẹni tó bá fẹ́ kó le yóò lu etí tó wà lókè síhà ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ tú u yóò lù ú síhà iwájú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn kí táyà tó ń sáré lọ síwájú lè máa fún nọ́ọ̀tì tirẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ṣi irin méjèèjì tí táyà ń wọ̀ gbé, tòun ti nọ́ọ̀tì wọn, tó gbé ti òsì sọ́tùn-ún, ti ọ̀tún sósì, kò ní rí nǹkan kan tó yàtọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni táyà yóò máa tú ara rẹ̀.

Rọra dúró síwájú táyà iwájú kejì, èyí tí kò yọ. Ó gbé òòlù sókè, ó lù ú síhà iwájú láti tú u, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ọ̀tì náà yí díẹ̀, ó sì le sí i.

Ó dúró. Ó fi ẹfun fa ìlà sára rẹ̀. Ó tún lù ú síhà iwájú. Ìlà ẹfun sún, nọ́ọ̀tì sì tún le sí i. Ó wá lù ú síhà ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́ báyìí, ó sì tú.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ nù, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn gbàgbé rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ń wo nọ́ọ̀tì náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u lójú ọjà.

"Bàbá," Gẹ̀ǹdé ní, "kí ló dé?"

"Mo ti pààrọ̀ wọn. Ti òsì ló wà lọ́tùn-ún, ti ọ̀tún ló wà lósì."

"Ẹ̀yin?"

"Ta ni ìbá ṣe é? Èmi nìkan ni mo tú wọn láti pààrọ̀ bẹ́rìn wọn, èmi nìkan ni mo kó wọn lórí tábìlì padà."

Gẹ̀ǹdé fọwọ́ ra orí. "Àbí èmi ni mo bà á jẹ́? Èmi ni mo lu nọ́ọ̀tì níjọ́ yẹn. Mo bi yín pé síbo ni kí n lù ú sí, ẹ sì ní síbi tó bá ti ń le."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ náà ni Rọra kọ́kọ́ gbé òòlù bàbà fún ẹlòmíràn láyé rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ ọmọ òun mọ̀ pé ilé rẹ̀ nìyí, ó wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ po tíì fún un. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lù ú ni, ọwọ́ rẹ̀ ìbá ti mọ̀ pé nǹkan ti yí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀tì yẹn ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n kọ ọ̀tún àti òsì sí wọn lára. Òun ló fi ọdún gbọọrọ dán wọn títí tí ìkọ̀wé náà fi pa rẹ́. Wọ́n ń dán bí ojú awò. Wọn kò sì lè sọ orúkọ ara wọn mọ́.

"Ìwọ lù ú bí mo ṣe ní kí o lù ú," ó sọ fún Gẹ̀ǹdé. "Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ."

Ọmọ Rọra dé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ló sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ ròyìn fún un, ojú rẹ̀ ti rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń ká aṣọ ìnura, ó ń tò wọ́n lórí ara wọn bí ojú ìwé.

"Bàbá," ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, "oorun ń lọ dáadáa?"

"Ó ń lọ."

"Ẹ ti mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lónìí?"

"Mo ti mu ún."

"Ọjọ́ wo la wà lónìí, Bàbá?"

Rọra wò ó. "Ọjọ́ tí o fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi ni."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ dá aṣọ kíká dúró. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì yí lójú rẹ̀, ó di omi.

"Ẹ má bínú. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, Bàbá. Ìgbàgbé arúgbó kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ. Ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe jù ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò tíì ṣi irin gbé rí láyé yín. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà lọ́la. Kí mọ́tò yẹn sì wà nílẹ̀ ná."

"Àgbà tó ṣi irin gbé," Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ìyẹn ti di àìsàn? Èmi náà ṣi iyọ̀ gbé láàárọ̀ yìí."

"Iyọ̀ kì í yọ lọ́nà kó pa ènìyàn, Màmá."

Rọra kò bá wọn jiyàn. Ó ti rò ó wò fúnra rẹ̀, kò sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ti kù káàtó. Pẹ́ńsù tó ń rìn, awò tó ń yí ipò padà, irin tó ṣì gbé: àmì àìsàn kan náà ni wọ́n. Àfi kó sọ ọ́ jáde.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan," ó ní, "tí mo ti ń fi nǹkan síbì kan, tí mo ń bá a níbòmíràn."

Aṣọ ìnura kan bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ojú bàbá wọn tó ti kú ló ń wò.

Rọra yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀kan tún wà ní yàrá ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n mú un wá, kí ọwọ́ mi má baà dán mi wò."

Ó wọ yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú agolo kan lórí tábìlì, pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀ róbótó. Ó kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù jáde, ó fi í lélẹ̀ ní àárín tábìlì, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú agolo. Ohùn kékeré kan ló mú kó gbójú sókè. Pẹ́ńsù ń yí lọ. Jẹ́jẹ́, bí táyà ọjọ́sí, ó ń yí lọ sápá ilẹ̀kùn lójú rẹ̀ kòròkòrò. Ó dé etí, ó já sílẹ̀.

Ó mú un, ó tún fi í sí àárín. Ó tún yí lọ.

Ó dúró gan-an. Nínú àpótí àwọn irin àlòkù, ó mú ẹyin irin róbótó kan tó bọ́ lára bẹ́rìn àtijọ́, ó gbé e sí àárín tábìlì, ó sì ká ọwọ́ kúrò. Ẹyin irin náà kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọrí sí ilẹ̀kùn tààrà.

Rọra kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Pákó pẹlẹbẹ wà níbi tó máa ń wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ tábìlì sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà gún, ó dán, ikán kò tọ́ ọ wò rí. Ó rákò lọ sápá ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ikán jẹ wà, ó dúró lórí ilẹ̀ lásán.

Ẹsẹ̀ tábìlì kì í rìn. Ó wà níbẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì lè pa á dé. Ó ronú kan irin, ó ronú kan bẹ́rìn, ó ronú kan bí ó ṣe kó wọn: ti apá fèrèsé sí òsì mọ́tò, ti apá ilẹ̀kùn sí ọ̀tún, láìṣì ọ̀kan gbé.

"Gẹ̀ǹdé," ó pè, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀, "ẹ wá. Gbogbo yín, ẹ wá."

Wọ́n bá a nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré dì í mú lápá, ó rò pé ó ṣubú.

"Fi mí sílẹ̀, ara mi le. Gbé ẹyin irin yìí sí àárín tábìlì, kí o sì wò ó."

Ó gbé e síbẹ̀. Gbogbo wọn wò ó bó ṣe yí lọ tó sì já bọ́ sẹ́sẹ̀ Gẹ̀ǹdé.

"Ta ló gbé tábìlì yìí?" Rọra bèèrè.

"Gbé e lọ síbo?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn. "Ibi tó wà náà ló wà. Ọjọ́ tí mo fọ yàrá yìí nìkan la gbé e. Àti pé mi ò fọwọ́ kan irin rẹ kankan o. O ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi àti Gẹ̀ǹdé gbé tábìlì jáde tòun ti irin tó wà lórí rẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin. Mo fọ ilẹ̀, a sì gbé e padà. Pákó tó wà lẹ́bàá fèrèsé pàápàá, mo fọ̀ ọ́, mo sì fi í síbi tó wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí tábìlì wo ló ṣáájú wọlé?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo Gẹ̀ǹdé. Gẹ̀ǹdé wo tábìlì. Ó na ọwọ́ sókè, ó yí i ní afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń gbé nǹkan, ó sì dúró láàárín ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Èmi ni mo fi ẹ̀yìn rìn jáde," ó ní. "Nígbà tí a fẹ́ wọlé, mo ní mi ò tún fi ẹ̀yìn rìn mọ́, torí mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Mi ò sì fẹ́ kí Màmá fi ẹ̀yìn rìn. A yí i níta, mo kọjú síwájú, mo di tábìlì mú lẹ́yìn mi, èmi ni mo tún ṣáájú." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Bàbá. A yí i po."

Irin tó wà ní ìlà kan, láti àárín lọ sí etí: bí ènìyàn bá yí tábìlì wọn po, wọn yóò rí bákan náà gẹ́lẹ́. Kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Rọra ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kò yára, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kan kò fo èkejì, àní gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti jókòó sórí àpótí. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi tí mo jókòó sínú mọ́tò. Mo ń bi ọ́ pé ta ló ni táyà."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilẹ̀ ni mo fẹ́ fọ̀, Rọra."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ fún yín lẹ ṣe. Mo ní ẹ má fọwọ́ kan irin, mi ò sọ̀rọ̀ tábìlì. Èmi ni mo fi orúkọ nǹkan sí ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin lè gbé e lọ. Èmi ni mo nu ìkọ̀wé kúrò lára nọ́ọ̀tì kó lè máa dán. Èmi ni mo gbé òòlù fúnni tí mo lọ ń po tíì. Ẹ̀bi yín kéré jù nínú rẹ̀, ẹ má fẹ̀ ẹ́ lójú."

"Tèmi ńkọ́, Bàbá?" Gẹ̀ǹdé bèèrè.

"Tìrẹ ni kí o kọ́ láti máa fi ẹ̀yìn rìn."

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún mọ́ ọn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ padà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Rọra kò ká ọwọ́ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

"A ṣì máa lọ rí dókítà lọ́la," ó ní. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń wá àṣìṣe kì í dúró nítorí pé ó rí ọ̀kan."

Wọ́n gbé tábìlì náà yí po, òun lápá kan, Gẹ̀ǹdé lápá kejì, Gẹ̀ǹdé sì ń fi ẹ̀yìn rìn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, tó ki pákó bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tí ikán jẹ. Rọra mú ọ̀dà funfun, ó kùn ún sí orí tábìlì tó wà lápá fèrèsé, ó tún kùn ún sára gbogbo ohun tó jẹ́ ti apá òsì mọ́tò, àwọn nọ́ọ̀tì pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bà wọ́n ní dídán jẹ́.

Nígbà tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, tí wọ́n dá irin kọ̀ọ̀kan padà sí apá tirẹ̀, tí wọ́n sì tún táyà iwájú méjèèjì tò, ó gbé òòlù bàbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Síbo ni kí n lù ú sí?" ó bi í, ó ń di òòlù mú bí ẹni di ẹja mú.

"Síhà ẹ̀yìn mọ́tò. Ìgbà gbogbo. Mo dúró tì yín."

Ó lù ú. Lẹ́yìn náà ó wọ mọ́tò, ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ wọlé, ó gbé báàgì lé itan, ó sì kọjú sí fèrèsé láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Rọra ní kó dúró de òun díẹ̀. Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi pẹ́ńsù sí àárín tábìlì, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. Nígbà tó tún ṣí i, ibẹ̀ ni pẹ́ńsù wà.